Ọmọlanke Ajá Mi

Bí mo bá sọ fún àwọn èèyàn pé mo kọ́ ajá kan rí láti jókòó jẹ́ẹ́ nínú ọmọlanke tí mo so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n á kọ́kọ́ rín. Bí wọ́n bá rín tán, tí wọ́n sì gbọ́ pé apá Oǹdó ni mo ti wá, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ni mo wá jẹ ẹ́. Ìbéèrè yẹn ni mi ò lè gbà mọ́. Mo ti fi ẹ̀rín bò ó, mo ti fi àwàdà dá a lóhùn fún ọdún tó pọ̀, ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó bá tún fẹ́ bi mí lè mọ ohun tó ń bi mí.

Ibi òtítọ́ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú tí wọ́n bí mi sí, wọ́n ń jẹ ajá níbẹ̀. Bàbá mi jẹ ẹ́, èmi náà jẹ ẹ́ ní kékeré, mi ò sì ní torí pé inú ń bí mi kí n wá sọ pé kò dùn. Ẹran ni. Ẹni tó ń jẹ ewúrẹ́ kò lẹ́nu láti bú ẹni tó ń jẹ ajá. Nítorí náà, ẹ má rò pé torí ẹran jíjẹ ni mo ṣe ń pariwo.

Kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe ní Upper Sakponba, ní Benin, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ díẹ̀, kí ọ̀kadà tó gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju abẹ́ páànù kan lọ, ó kọjú sí títì, yàrá wa wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó mi sì ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Àgbà kan wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé tí mi ò mọ ẹnì kankan. Òun ló bá mi bẹ onílẹ̀ tí mo fi rí ibi tí mo ta páànù mi sí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, tí bàbá tó bí mi ti kú, òun ló jókòó sí àga bàbá ọkọ. Bí mo bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, màá ti dọ̀bálẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ajá tí mò ń wí yìí, pupa rúsúrúsú ni, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì wó. Oníbàárà kan tó ń kó kúrò ní Benin ló fi í sílẹ̀ fún mi nígbà tó ṣì kéré. Ìyàwó mi ní kò gbọdọ̀ wọ yàrá òun láéláé. Ajá gbà bẹ́ẹ̀, ó sọ abẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi di ilé. Láti àárọ̀ ló ti máa gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ mi, bí mo bá sún ẹsẹ̀, yóò sún àgbọ̀n tẹ̀lé e. Èmi tí mo máa ń bá gbogbo èèyàn jà ní títì yẹn, mi ò bá ajá náà jà rí, àfi ẹ̀ẹ̀kan péré, mo sì máa jẹ́wọ́ ìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, lọ́sàn-án gangan, ọlọ́kadà kan ń sá fún kòtò, ó fi títì sílẹ̀, ó gun ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì gbá ajá náà lójú mi. Egungun itan ẹ̀yìn kan ṣẹ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọlọ́kadà náà sọ. Ó ní kí ló dé tí mo jẹ́ kí ajá jókòó síbi tí èèyàn ń gbà. Lábẹ́ páànù mi! Níwájú tábìlì mi! Mo gbé pọ́ọ̀ǹpù táyà sókè, àwọn aládùúgbò ló gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, ajá lásán ni. Ẹ rántí gbólóhùn yẹn, nítorí mo tún máa pàdé rẹ̀ níwájú.

Táásì mẹ́ta ni mo dá dúró. Ẹni àkọ́kọ́ ní ajá máa yàgbẹ́ sí ìjókòó òun. Èkejì ní ká ti ajá tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ sí búùtù. Ẹ̀kẹta wò mí láti òkè délẹ̀, ó fi Pidgin bi mí pé ṣé ata tán níbi tí mo wà ni mo fi ń gbé ẹran mi rìn jìnnà. Mo yá bárò lọ́wọ́ bíríkìlà kan, mo tẹ́ aṣọ sí i, mo sì ti ajá náà láti Upper Sakponba títí dé apá Ugbor, níbi tí mo gbọ́ pé dókítà ẹranko kan wà. Oòrùn mú mi lórí. Bárò ń gbọ̀n, ajá ń ké, èmi sì ń ṣépè fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá ní kó ṣe títì yẹn tí kò ṣe é.

Dókítà náà, obìnrin Edo kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, na egungun náà bọ̀ sípò, ó sì fi pí-ó-pì, ìyẹn ẹfun líle tí wọ́n fi ń di egungun, dì í. Lẹ́yìn náà ló sọ òfin rẹ̀ fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ máa gbé ajá náà wá kí òun wo ẹsẹ̀, kí òun sì tọ́jú ojú ọgbẹ́. Kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn wá, kò gbọdọ̀ fò, kò gbọdọ̀ jà. Bí egungun náà bá tún ṣẹ́, ó ní òun kò ní lè tò ó mọ́, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló máa kù fún un, èyí tí ajá máa gbà, tí yóò sùn, tí kò ní jí.

Mo bá ro ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe ń ti bárò padà. Èmi tí kẹ̀kẹ́ jẹ́ iṣẹ́ mi, ṣé bárò ni màá máa tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni? Mo wá táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé méjì nínú àwọn àlòkù mi, mo nà án, mo to sípóòkù rẹ̀. Wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá mi jó irin pọ̀, mo fi pákó ṣe àpótí lé e, mo ṣe ilẹ̀kùn kékeré sẹ́yìn, mo sì fi tíúbù àlòkù gbé àpótí náà rọ̀ kó má baà máa gbọ̀n bíi bárò. Mo fi ìkọ́ kan so ó mọ́ abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi. Ọmọlanke ni, kò sí orúkọ mìíràn fún un, àmọ́ ó dára. Mo tì í lọ, mo tì í bọ̀, mo ń wo àwọn aládùúgbò bóyá wọ́n ń wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ibi tí mo ti ṣe wèrè nìyí. Mo gbé ajá sínú rẹ̀, mo dè é, mo gun kẹ̀kẹ́, mo bọ́ sí títì. Kò ju ilé mẹ́rin lọ tí ọ̀kadà kan fi fọn fèrè. Ajá dìde, ó fẹ́ fò, okùn fún un lọ́rùn, ó ń fi pí-ó-pì na pákó, gbà, gbà, gbà. Èrò pé jọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ sílẹ̀, mo pariwo mọ́ ajá náà, mo sì gbá a létí. Ajá tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ o. Ó tọ̀ sára. Ó wò mí bíi pé kò mọ̀ mí rí. Mo tì í padà sílé, ojú ń tì mí. Ìyàwó mi tó ti rí gbogbo rẹ̀ láti ìdí maṣíìnì rẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní bí wọ́n bá dè mí mọ́ inú pósí tí wọ́n sì ní kí n rọra, ṣé èmi á rọra.

Dókítà náà sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nígbà tí mo tún fi bárò gbé e dé. Ó ní kí n má fi ipá mú un mọ́. Kí n jẹ́ kó dà bíi pé òun fúnra rẹ̀ ló yàn án. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó ni, àwọn tí ajá wọn ń sùn lórí tìmùtìmù, ṣùgbọ́n mo ṣe é.

Mo yọ ọmọlanke kúrò lára kẹ̀kẹ́, mo gbé e sí abẹ́ páànù, mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, mo tẹ́ àpò ìrẹsì tí ajá náà máa ń sùn lé sínú rẹ̀, mi ò sì sọ ohunkóhun. Lọ́jọ́ kejì mo ju orí ẹja sí i. Ó na ọrùn wọ ibẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó sá jáde. Lọ́jọ́ kẹrin ó wọlé pátápátá, mo sì gbé e ní ìdí díẹ̀ kó má baà fi ẹsẹ̀ náà ta. Nígbà tó ń sùn nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, mo ti ilẹ̀kùn, mo lẹ táyà kan, mo ṣí i. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, mo lẹ táyà méjì kí n tó ṣí i. Mo ń lu agogo kẹ̀kẹ́ sí i létí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo ń fi orí ẹja bá agogo rìn. Mo tì í lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ilẹ̀, mo ń tì í yípo bí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ jẹ níyà. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ akọrin ń wò mí, wọ́n ń gbàdúrà fún mi.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fi ń sọ ọ́ kalẹ̀: “A ti dé.” Bí mi ò bá tíì sọ ọ́, kò gbọdọ̀ jáde, ìbáà jẹ́ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìbáà jẹ́ pé ẹran wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dúró de ọ̀rọ̀ náà, tó ń wo ẹnu mi, ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Ẹ wò ó, àwọn ọmọ mi ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n mo bá ọmọ sọ̀rọ̀, ó fi Pidgin dá mi lóhùn. Mo bá ajá sọ̀rọ̀, ó ṣe é.

Ní títì, a bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Bí ọ̀kadà bá fọn fèrè tí ajá sì gbórí sókè, mo máa dúró, màá bọ́ sílẹ̀, màá jókòó létí gọ́tà, màá sì máa wò ó títí yóò fi gbé àgbọ̀n lé etí àpótí padà. Nígbà náà la ó tó máa lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a dé Ugbor láìlo bárò, ìgbà tí mo dúró kò níye, àárọ̀ la kúrò nílé, ọ̀sán ti pọ́n ká tó dé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, a ń yí Ring Road ká, ọkọ̀ ń fọn lọ́tùn-ún lósì, ajá mi gbé àgbọ̀n lé pákó, ó ń wo ìlú bí ọba tó jáde wá wo oko rẹ̀.

Àti àwọn ọmọ aráyé! Kò sí ọjọ́ tí a kọjá tí ẹnìkan kò ní béèrè iye tí mò ń ta “four-o-four” mi, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹran ajá níbẹ̀. Mo fara da tiwọn, àjèjì ni wọ́n. Ti àwọn èèyàn wa ló dùn mí. Bí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará Yorùbá bíi tèmi, tí wọ́n fi Èkìtì, Ọ̀ṣun, Ògùn ṣe ilé, á máa kí mi kú ìtọ́jú ẹran. Wọ́n ní ará Oǹdó ló ń fi kẹ̀kẹ́ sin oúnjẹ. Ọ̀kan ní kí n jọ̀wọ́, kí n rántí òun ní itan. Itan o, èyí tó ṣẹ́! Mo máa ń rẹ́rìn-ín, nítorí bí èèyàn bá bínú sí àwàdà, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé. Dókítà gé pí-ó-pì, ajá náà fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀. Ó ń tiro díẹ̀, àmọ́ ó ń rìn. Dókítà náà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́. Ajá tó yẹ kó máa sá fún ọmọlanke wá sọ ọ́ di ohun tó fẹ́ràn jù láyé. Bí mo bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò wọlé, yóò sì dùbúlẹ̀, ì báà ṣe ibi tí mo ti fẹ́ ra ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ni mò ń lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, láàárọ̀ Sátidé kan, Bàbá dé. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló bá a wá. Mo dọ̀bálẹ̀, ìyàwó mi kúnlẹ̀. Bàbá ní àlejò ń bọ̀ láti ilé, òun fẹ́ yá kẹ̀kẹ́ mi àti ọmọlanke yẹn láti fi kó ẹrù díẹ̀. Mi ò bi í pé ẹrù kí ni. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í bi àgbà pé kí ló fẹ́ fi ohun tó wá yá ṣe. Bí o bá ti bi í, o ti sọ fún un pé o kò fọkàn tán an. Mo nu kẹ̀kẹ́, mo fẹ́ táyà rẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn ọmọlanke láti gbọn eruku inú rẹ̀. Ajá dìde lábẹ́ tábìlì, ó wọlé, ó dùbúlẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà kó jáde. Bàbá gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí n fi í sílẹ̀, kó bá àwọn jáde lọ fẹ́ atẹ́gùn. Mo rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ẹlòmíràn tó yàtọ̀ sí mi, ó sì jókòó. Àna Bàbá gun kẹ̀kẹ́, Bàbá fúnra rẹ̀ gun ọ̀kadà tẹ̀lé e, ajá mi sì wà nínú àpótí, etí kan dúró, èkejì wó, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ìyàwó mi bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n ní àwọn máa dá a padà. Mo lejú mọ́ ọn. Mo ní ṣé Bàbá lèèyàn ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí aago méjìlá, àna náà tún dé, lórí ọ̀kadà. Ó ní Bàbá ń pè mí, ajá kọ̀ kò sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ló bà á láàárín àlejò. Mo gun ẹ̀yìn ọ̀kadà náà, mo ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, mò ń ṣàlàyé fún un bí mo ṣe kọ́ ọ.

Ẹ̀yìnkùlé Bàbá la gbà wọlé. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ìkòkò ńlá lórí iná, omi rẹ̀ ń hó. Wọ́n ti tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, ọ̀bẹ wà lórí rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta dúró, ọ̀kan nínú wọn fi aṣọ di ọwọ́, torí ó ti gbìyànjú láti wọ́ ajá jáde, ajá sì ti bù ú jẹ. Okùn wà lọ́rùn ajá náà. Ó dùbúlẹ̀ nínú ọmọlanke níbi tí mo kọ́ ọ pé kó dùbúlẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ wà létí àpótí. Bó ṣe rí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìrù na pákó.

Bàbá jókòó sórí àga lábẹ́ igi máńgòrò. Kò sá fún ojú mi, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe ohun burúkú. Ó ní, “Sọ ọ̀rọ̀ tí o máa ń sọ fún un yẹn. Kí ni ká máa bá a jà sí nígbà tí ìwọ wà nítòsí?”

Mo ní, “Bàbá, ajá mi ni.”

Ó ní òun mọ̀ pé ajá mi ni, ìyẹn ló jẹ́ kí òun pè mí. Ó ní òun máa wá òmíràn fún mi, èyí tí kò tiro. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń rí mi tí mò ń fi orí ẹja bọ́ ajá, tí mò ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e kiri, òun ti mọ̀ pé mi ò tíì gbàgbé ilé. Ní ìlú wa, àgbà lè mú ẹran àbúrò rẹ̀ fi ṣe àlejò kó tó wá sọ fún un, òótọ́ ni. Mo ti rí i tí wọ́n mú ewúrẹ́ bàbá mi bẹ́ẹ̀, tí bàbá mi sì dúpẹ́.

Wọ́n máa ń sọ pé ajá tó bá máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tèmi gbọ́ fèrè o. Fèrè náà gan-an ló fẹ́ pa á. Ẹnu mi ni gbogbo wọn ń wò, títí kan ajá. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré, yóò bọ́ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀, yóò sì rìn lọ bá wọn. Gbogbo orí ẹja tí mo jù, gbogbo ìjókòó tí mo jókòó létí gọ́tà, ibi tó já sí nìyẹn. Wọn kò lè wọ́ ọ jáde. Èmi ni wọ́n fẹ́ kó tàn án jáde.

Mo wo ojú ẹni tó jókòó sí àga bàbá mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Mo ní, “Olè ni yín, Bàbá.”

Ẹni tó di ọwọ́ tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo mú ọ̀bẹ wọn lórí ewé, mo gé okùn, mo so ìkọ́ mọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo so ó kó tó wọlé. Kò sí ẹni tó dá mi dúró, bóyá torí ọ̀bẹ, bóyá torí ohun tó jáde lẹ́nu mi. Mo gùn ún dé ilé. Ajá kò dìde rárá lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo ní a ti dé, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ sábẹ́ tábìlì. Ìyàwó mi wo ìyókù okùn lọ́rùn rẹ̀, ó wo ojú mi. Ó fi àlùmọ́gàjí aṣọ rẹ̀ gé okùn náà, ó sì gbé ajá wọ yàrá tó ní kò gbọdọ̀ wọ̀.

Ní Sunday tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ pè mí. Àgbàlagbà mẹ́jọ jókòó, wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ẹjọ́ tí wọ́n dá kò ní ajá nínú. Wọ́n ní mo pe àgbà ní olè lójú àlejò. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wọ́n rán mi létí ilé tí mo sùn, ilẹ̀ tí wọ́n bá mi bẹ̀, ìyàwó tí wọ́n bá mi gbé. Nígbà tí mo fẹ́ ṣàlàyé, akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jọ̀ọ́, ajá lásán ni. Gbólóhùn kan náà! Bàbá wá dìde, ó ní òun ti dárí jì mí, ọmọ òun ni mí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Olè dárí ji olóko, wọ́n ń pàtẹ́wọ́!

Mo dọ̀bálẹ̀. Àyà mi kan ilẹ̀, inú mi kò kan ilẹ̀. Wọ́n ní kí ìyàwó mi náà kúnlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè tán pátápátá. Ìyàwó mi gbé báàgì rẹ̀, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó sì lọ dúró dè mí níta. Títí di òní ni mò ń jowú ìdúró rẹ̀ yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ajá ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Mo fẹ́ kó máa bẹ̀rù ẹni tí kì í ṣe èmi. Mo ní kí wẹ́dà máa fọwọ́ kan ọmọlanke kí n lè máa dẹ ajá sí i kó gbó o. Mo gba orí ẹja kúrò níbẹ̀. Mo ń pariwo mọ́ ọn bó bá wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé èmi ni mo pè é. Asán ni. Ohun tí mo fi sùúrù kọ́ ọ wọ̀ ọ́ lára, èyí tí mo fi ìbínú kọ́ ọ kò wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta, Bàbá yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, kí gbogbo èèyàn lè rí i pé kò sí ìjà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ń bi mí ní àlàáfíà ilé, mò ń dáhùn. Ajá jáde lábẹ́ tábìlì. Ó gbóòórùn ẹsẹ̀ Bàbá, ó sì dá a mọ̀. Ó ju ìrù fún un bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ tó mú un lọ sóde rí, ó tiro lọ sídìí ọmọlanke, ó wọlé, ó dùbúlẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé etí àpótí, ó ń dúró de ìgbà tí a ó máa lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa á lórí. Ó ní, “Ó mà mọ̀ mí o.”

Mo sìn ín dé títì, mo dúró títí ọ̀kadà fi gbé e lọ. Mo padà wá, mo mú ayùn irin. Ajá ṣì wà níbẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Mo ní, “A ti dé.” Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì jókòó tì mí títí mo fi gé ọmọlanke náà tán.